Abẹ́rẹ́ Wo Ni Wọ́n Ń Pè Ní Abẹ́rẹ́ Ilé-Ọmọ?

Ọ̀rọ̀ ìlera ni mo gbé wá lónìí, ṣùgbọ́n ẹ má rò pé mo ti yà kúrò lọ́nà. Ẹ óò rí i tó bá yá pé iṣẹ́ àwa tí à ń kọ́ nípa èdè wà níbẹ̀.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2023, mo wà nílé ní Ararọ̀mí-Òwu nígbà tí àbúrò mi obìnrin, ọmọ ọdún mọ́kànlá, mú ìwé kan dé láti ilé-ìwé. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́. Wọ́n ní kí òbí fọwọ́ sí i kí wọ́n lè gún ọmọ náà ní abẹ́rẹ́ àjẹsára tuntun. Ìyá mi gbé ìwé náà fún mi. Ó ní, "Ìwọ tó o wà ní yunifásítì, bá mi kà á. Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀?" Mo wò ó gààràgà, mo sì túmọ̀ rẹ̀ wéré: "Màámi, abẹ́rẹ́ jẹjẹrẹ ilé-ọmọ ni."

Ìyá mi gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, ó ká a, ó fi rédíò tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ó ní, "Ilé-ọmọ kẹ̀? Ọmọ tí kò tíì rí nǹkan oṣù? Kò sẹ́ni tó máa gún ọmọ mi ní abẹ́rẹ́ ilé-ọmọ." Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ parí sí lọ́jọ́ náà. Àwọn ọmọ tí òbí wọn fọwọ́ sí ìwé gba abẹ́rẹ́. Àbúrò mi kò gbà á.

Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé èmi gan-an ni mo da ọ̀rọ̀ náà rú. Kí n tó sọ bí mo ṣe dà á rú, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé ohun tí ǹ bá ti ṣàlàyé fún ìyá mi.

Àrùn wo ni?

Ilé-ọmọ obìnrin dà bí àkèǹgbè tí wọ́n da ojú rẹ̀ délẹ̀. Inú ibi tó fẹ̀ ni ọmọ ń gbé. Ibi tó tẹ́ẹ́rẹ́, tó kọjú sí ìsàlẹ̀, ni à ń pè ní ọrùn ilé-ọmọ. Ọrùn yìí ni jẹjẹrẹ tí à ń sọ yìí máa ń mú. Kòkòrò àrùn kan tí ojú lásán kò lè rí ló ń fà á. Orúkọ tí àwọn onímọ̀ sọ kòkòrò náà gùn, ṣùgbọ́n HPV ni gbogbo ayé ń gé e kúrú sí.

Oríṣi HPV lé ní ọgọ́rùn-ún. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kì í pa ènìyàn lára. Àwọn kan máa ń mú kí ẹran kéékèèké hù sí ojú ara. Àwọn díẹ̀ tó kù ló burú, àwọn méjì tó sì burú jù ni èyí tí wọ́n fún ní nọ́ńbà 16 àti 18. Bí a bá kó obìnrin mẹ́wàá tó ní jẹjẹrẹ ọrùn ilé-ọmọ jọ, méje nínú wọn ló jẹ́ pé ọwọ́ àwọn méjì yìí ni wọ́n ti kó o. Ọ̀mọ̀wé ará Jámánì kan, Harald zur Hausen, ló fi hàn pé kòkòrò yìí ló ń fa jẹjẹrẹ náà, wọ́n sì fún un ní ẹ̀bùn Nobel nítorí rẹ̀ lọ́dún 2008.

Nípa ìbálòpọ̀ ni HPV ń gbà ràn. Ẹ má tìtorí èyí pè é ní àrùn alágbèrè o. Ó wọ́pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé èyí tó pọ̀ jù nínú ọkùnrin àti obìnrin tó ti ní ìbálòpọ̀ ló máa kó o nígbà kan láyé wọn. Obìnrin tí kò mọ ọkùnrin mìíràn yàtọ̀ sí ọkọ rẹ̀ lè kó o lára ọkọ náà, kí ọkọ náà má sì mọ̀ pé òun gbé e kiri. Lọ́pọ̀ ìgbà, ara fúnra rẹ̀ á lé e jáde láàárín ọdún kan sí méjì. Bí kò bá lọ, ó lè jókòó pẹ̀sẹ̀ sí ọrùn ilé-ọmọ fún ọdún 15 sí 20 kó tó di jẹjẹrẹ. Lára obìnrin tí kòkòrò HIV ti sọ agbára ara rẹ̀ di aláìlera, tí kò sì lo oògùn, ó lè yára ju bẹ́ẹ̀ lọ, bí ọdún 5 sí 10.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé lọ́dún 2020 nìkan, nǹkan bí obìnrin 12,000 ni wọ́n rí àrùn yìí lára wọn ní Nàìjíríà, nǹkan bí 8,000 sì kú nínú ọdún náà. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi kan, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Ìkirè, kú nínú àrùn yìí nígbà tí mo wà ní ilé-ìwé girama. Nǹkan oṣù rẹ̀ ti dáwọ́ dúró tipẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Àwọn kan ní ayé ló ń ṣe é. Ìgbà tí wọ́n fi máa gbé e dé Ìbàdàn, nǹkan ti bàjẹ́. Nílé wa, "àìsàn ẹ̀jẹ̀" ni a máa ń pe ohun tó pa á. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi orúkọ yẹn sọ́kàn.

Bí abẹ́rẹ́ náà ṣe ń ṣiṣẹ́

Bí ọdẹ bá ń kọ́ ajá rẹ̀, ó lè fún un ní awọ ẹran kó gbọ́ òórùn rẹ̀. Awọ kò lè bu ajá jẹ, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ẹran fúnra rẹ̀ bá kọjá, ajá ti mọ̀ ọ́n. Bí abẹ́rẹ́ HPV ṣe rí nìyẹn. Ohun tó wà nínú rẹ̀ jọ èèpo òde kòkòrò náà, ṣùgbọ́n kò sí kòkòrò nínú èèpo. Kò lè bí sí i nínú ara, kò lè fa àrùn, kò sì lè fa jẹjẹrẹ. Àwọn ọmọ-ogun ara á kọ́ bí èèpo yẹn ṣe rí. Lọ́jọ́ tí ojúlówó kòkòrò bá dé, wọn á dá a mọ̀ kó tó ráyè jókòó.

Èyí ló fà á tó fi jẹ́ ọmọdébìnrin ọdún 9 sí 14 ni wọ́n ń fún. Ajá gbọ́dọ̀ ti mọ òórùn kí ẹran tó dé. Abẹ́rẹ́ yìí kì í lé kòkòrò tó ti wọlé jáde, kì í sì í wo jẹjẹrẹ tó ti bẹ̀rẹ̀ sàn. Ẹ̀wẹ̀, ara ọmọ tó wà ní ọjọ́ orí yẹn máa ń tètè gba ẹ̀kọ́ ju ti àgbà lọ.

Tẹ́lẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ń gún un, lẹ́yìn náà ó di ẹ̀ẹ̀mejì. Ní ìparí ọdún 2022, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ẹyọ kan ṣoṣo tó. Ilẹ̀ Áfíríkà wà lára ibi tí ẹ̀rí yẹn ti wá. Ní orílẹ̀-èdè Kẹ́ńyà, wọ́n ṣe ìwádìí láàárín àwọn obìnrin ọdún 15 sí 20, wọ́n sì rí i pé lẹ́yìn oṣù 18, abẹ́rẹ́ ẹyọ kan dènà HPV 16 àti 18 ní ìwọ̀n 97.5 nínú ọgọ́rùn-ún.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ máa já sí lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún lè wo Scotland. Ọdún 2008 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọdébìnrin ibẹ̀ ní abẹ́rẹ́ náà. Nígbà tí wọ́n gbé àbájáde ìwádìí wọn jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, wọn kò rí ẹyọ jẹjẹrẹ ọrùn ilé-ọmọ kan láàárín àwọn tó gbà á nígbà tí wọ́n wà ní ọmọ ọdún 12 tàbí 13.

Bó ṣe dé ọ̀dọ̀ wa

Ọdún 2006 ni wọ́n fọwọ́ sí abẹ́rẹ́ yìí ní Amẹ́ríkà. Ọsirélíà bẹ̀rẹ̀ sí í fún gbogbo ọmọdébìnrin rẹ̀ lọ́dún 2007. Rùwáńdà gbà á wọlé lọ́dún 2011, wọ́n sì fún èyí tó ju mẹ́sàn-án lọ nínú ọmọ mẹ́wàá tí wọ́n fẹ́ fún. Ọdún 2023 ni ó tó kan Nàìjíríà. Owó ló kọ́kọ́ dí wa lọ́wọ́, lẹ́yìn náà abẹ́rẹ́ ọ̀hún wá wọ́n nítorí pé gbogbo orílẹ̀-èdè ló ń wá a. Ìgbà tí ẹ̀ẹ̀mejì di ẹ̀ẹ̀kan, ohun tó ń tó ọmọ kan wá di ohun tó ń tó ọmọ méjì.

Ọjọ́ 24 oṣù kẹwàá ọdún 2023 ni ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò náà ní ìpínlẹ̀ 15 àti Àbújá. Ọmọdébìnrin mílíọ̀nù 7.7 ni wọ́n ní lọ́kàn. Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wà lára àwọn tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú Èkó àti Ògùn. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, Oǹdó àti Èkìtì dúró di ọjọ́ 27 oṣù karùn-ún ọdún 2024, nígbà tí ìpínlẹ̀ 21 tó kù wọlé. Ẹ wo bó ṣe rí: Ìkirè sí Ìbàdàn kò jìnnà, síbẹ̀ ọmọ tó wà ní Ìkirè lè gbà á ní oṣù méje ṣáájú ọmọ ìyá rẹ̀ tó ń gbé Ìbàdàn. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera lọ sí ilé-ìwé àti àdúgbò fún ọjọ́ márùn-ún. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n kó o mọ́ àwọn abẹ́rẹ́ àjẹsára tí wọ́n ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́ ní ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé ìjọba. Àwọn tó ti gbà á ní Nàìjíríà ti lé ní mílíọ̀nù 12.

Ohun tó ń ba àwọn ènìyàn lẹ́rù

Ẹni tó bá kọ abẹ́rẹ́ kì í ṣe òmùgọ̀. Ìyá mi kì í ṣe òmùgọ̀. Ìbéèrè mẹ́ta ni mo máa ń gbọ́ jù, ó sì yẹ ká dá wọn lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

Èkíní: ṣé kò ní jẹ́ kí ọmọ yàgàn? Rárá. Èèpo kòkòrò tí kò lè bí sí i kò ní nǹkan kan í ṣe pẹ̀lú ẹyin obìnrin tàbí ilé-ọmọ. Lọ́dún 2017, ìgbìmọ̀ Àjọ Ìlera Àgbáyé tó ń bójú tó ààbò abẹ́rẹ́ àjẹsára ṣe àyẹ̀wò ọ̀rọ̀ yìí, nígbà tí abẹ́rẹ́ tí wọ́n ti pín káàkiri ayé ti lé ní mílíọ̀nù 270, wọn kò sì rí ẹ̀rí pé ó ń fa àgàn. Ohun tó wọ́pọ̀ ni kí apá dunni níbi tí wọ́n gún, kí ara gbóná díẹ̀, tàbí kí orí fọ́ni. Ọmọ mìíràn lè dákú nítorí ẹ̀rù abẹ́rẹ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń ní kó jókòó fún ìṣẹ́jú 15.

Èkejì: kí ló dé tó fi jẹ́ ọ̀fẹ́, nígbà tó jẹ́ pé owó ni a fi ń ra paracetamol? Ìbéèrè tó bọ́gbọ́n mu ni. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé ẹnìkan ló sanwó rẹ̀: àjọ Gavi, tó ń bá orílẹ̀-èdè tí agbára wọn kò ká a ra abẹ́rẹ́ àjẹsára, àti ìjọba wa pẹ̀lú. Irú abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń wo èéyi, ikọ́ àwúbì àti ipá nígbà tí àwa náà wà lọ́mọ ọwọ́ kọ́. Àwọn tó ń dènà wọn ni mò ń sọ, ọ̀fẹ́ sì ni ìyá wa ṣe gba ìwọ̀nyẹn fún wa.

Ẹ̀kẹta: kí ló dé tó fi jẹ́ obìnrin nìkan? Ọkùnrin náà ń gbé HPV, àwọn orílẹ̀-èdè tó lówó sì ń fún ọmọkùnrin wọn pẹ̀lú. Ọsirélíà bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́dún 2013. Níbi tí abẹ́rẹ́ kò bá ti tó, ẹni tó ní ọrùn ilé-ọmọ ni wọ́n ń kọ́kọ́ fún.

Ìfura kì í sì í ṣàdédé wá. Lọ́dún 1996, ilé-iṣẹ́ oògùn Pfizer dán oògùn Trovan wò lára àwọn ọmọ tí àrùn ọpọlọ ń bá jà ní Kánò, ọ̀rọ̀ náà sì di ẹjọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tó di ọdún 2003, tí wọ́n gbé oògùn ẹnu rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ dé, àwọn adarí kan ní Kánò ní kí ẹnikẹ́ni má gbà á, wọ́n ní ó ń sọ obìnrin di àgàn. Nǹkan bí oṣù 11 ni Kánò fi kọ̀ ọ́. Àrùn náà tàn padà dé àwọn orílẹ̀-èdè tó ti lé e lọ. Ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ ọdún 2020 ni wọ́n tó kéde pé Áfíríkà ti bọ́ lọ́wọ́ kòkòrò rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ inú ìgbẹ́.

Kì í ṣe àwa nìkan ló ń ṣẹlẹ̀ sí. Ní Japan, ọmọdébìnrin bíi méje nínú mẹ́wàá ló ń gba abẹ́rẹ́ HPV tẹ́lẹ̀. Lọ́dún 2013, tẹlifíṣọ̀n àti ìwé ìròyìn gbé ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tí wọ́n ní ó ṣe ní jàǹbá jáde, ìjọba wọn sì dáwọ́ dúró láti máa rọ àwọn òbí. Kò pẹ́, àwọn tó ń gbà á kò tó ẹyọ kan nínú ọgọ́rùn-ún mọ́. Ìwádìí kò fi hàn pé abẹ́rẹ́ ló fa àwọn àìsàn wọ̀nyẹn, síbẹ̀ ọdún 2022 ni ìjọba tó padà máa rọ àwọn ènìyàn. Ọdún mẹ́sàn-án ni wọ́n pàdánù.

Ẹ wá wo ẹ̀gbẹ́ kejì, nílé wa níhìn-ín. Láàárín ọdún 1950 sí 1960 àti díẹ̀, dókítà kan tó ń jẹ́ David Morley ṣiṣẹ́ ní Wesley Guild Hospital, Iléṣà, ó sì dá ilé ìtọ́jú àwọn ọmọ tí kò tó ọdún márùn-ún sílẹ̀ ní Ìmẹ̀sí-Ilé. Èéyi ń pa ọmọ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní nígbà náà. Àwọn ọmọ agbègbè yẹn wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gba abẹ́rẹ́ èéyi ní ilẹ̀ Áfíríkà. Ìyá tó ti sin ọmọ nítorí èéyi mọ ohun tí abẹ́rẹ́ èéyi wà fún. Ìṣòro HPV nìyí: ìyá kò rí ọ̀tá. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ló máa gba abẹ́rẹ́ lónìí, ọjọ́ tí àrùn ìbá dé sì lè jẹ́ ìgbà tó ti di ìyá àwọn ọmọ.

Ibi tí èdè ti wọ̀ ọ́

Ẹ jẹ́ ká padà sí gbólóhùn tí mo sọ fún ìyá mi: "abẹ́rẹ́ jẹjẹrẹ ilé-ọmọ." Gbogbo wa la ti kọ́ nípa àpólà ọ̀rọ̀-orúkọ tí ọ̀rọ̀-orúkọ kan ń yán òmíràn. Ṣùgbọ́n kí ni ìbáṣepọ̀ tó wà láàárín àwọn méjèèjì? Oògùn ikọ́ ń wo ikọ́ sàn. Oògùn eku ń pa eku. Oògùn oorun ń mú oorun wá. Kò sí ohun tó sọ fún wa èwo ni èwo, àfi ohun tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ìyá mi kò tíì mọ nǹkan kan nípa abẹ́rẹ́ yìí. Nígbà tí mo ní "abẹ́rẹ́ jẹjẹrẹ", bóyá ó ń wo jẹjẹrẹ ni, bóyá ó ń mú un wá ni. Ọmọ rẹ̀ kò ṣàìsàn, kí ló fẹ́ fi abẹ́rẹ́ tó ń wo jẹjẹrẹ ṣe?

"Ilé-ọmọ" tún wá bà á jẹ́. Mo gé "ọrùn" kúrò nítorí pé mò ń kánjú. Abẹ́rẹ́ tí ìyá mi mọ̀ pé ó kan ilé-ọmọ kò ju ẹyọ kan lọ: abẹ́rẹ́ ìfètò-sọ́mọ-bíbí, tí wọ́n ń gún sí apá àwọn obìnrin tí kò fẹ́ lóyún. Abẹ́rẹ́, apá, ilé-ọmọ: ó so mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, ó sì gba ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́wọ́ àgàn. Ohun tó gbọ́ lẹ́nu mi ló ṣiṣẹ́ lé lórí.

Ohun tó jọ mí lójú jù ni "jẹjẹrẹ" fúnra rẹ̀. Ìyá Ìkirè kú nínú jẹjẹrẹ ọrùn ilé-ọmọ, ṣùgbọ́n "àìsàn ẹ̀jẹ̀" ni orúkọ rẹ̀ nílé wa. Nítorí náà, nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà nínú ìwé yẹn, kò sí èyí tó rán ìyá mi létí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó sin.

Bẹ́ẹ̀, èdè wa kò ṣe aláìní. Ẹ wo "àjẹsára": à-jẹ-sí-ara. Àwọn baba wa ti ń lò ó fún ohun tí ènìyàn ń jẹ sínú ara de ewu ọjọ́ iwájú, nígbà tí ara ṣì le. Kò sí ẹni tó ń wá àjẹsára lẹ́yìn tí ewu ti ṣẹlẹ̀ tán. Ohun tí dókítà ń fi wákàtí kan ṣàlàyé ti wà nínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn. Èmi ni mi ò lò ó.

Nígbà tí mo padà wálé fún Kérésìmesì, mo jókòó ti ìyá mi níbi tó ti ń dín dòdò. Mi ò mú ìwé kankan lọ́wọ́. Mo ní, "Màámi, àìsàn tó mú Ìyá Ìkirè, tí ẹ̀jẹ̀ ń yọ lára wọn. Àjẹsára rẹ̀ ti wà báyìí. Ọmọdébìnrin ni wọ́n ń fún, kí irú rẹ̀ má bàa ṣe wọ́n tí wọ́n bá dàgbà."

Ìyá mi kò fọhùn fún ìgbà díẹ̀. Ó yí dòdò inú epo padà. Lẹ́yìn náà ó ní, "Kí ló dé tí o kò sọ bẹ́ẹ̀ fún mi lọ́jọ́ kìíní?" Ó bi mí ní ìbéèrè bíi mẹ́fà, mo dáhùn èyí tí mo mọ̀, ó ní òun á bi nọ́ọ̀sì léèrè èyí tó kù. Ní oṣù kìíní ọdún 2024, òun fúnra rẹ̀ ló mú àbúrò mi lọ gba abẹ́rẹ́. Ó sì béèrè níbẹ̀ bóyá nǹkan kan wà fún òun náà.

Ó wà. Abẹ́rẹ́ wà fún ọmọ, àyẹ̀wò wà fún ìyá. Nọ́ọ̀sì lè fi omi kíkan kan pa ọrùn ilé-ọmọ; ibi tí kò bá dára á funfun, wọn á sì tọ́jú rẹ̀ kó tó di jẹjẹrẹ. Àjọ Ìlera Àgbáyé fẹ́ kí obìnrin ṣe àyẹ̀wò tó péye ó kéré tán nígbà tó bá pé ọdún 35 àti nígbà tó bá pé 45. Ẹni tó gba abẹ́rẹ́ náà ṣì gbọ́dọ̀ ṣe é tó bá dàgbà, nítorí pé abẹ́rẹ́ kò kápá gbogbo oríṣi HPV.

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, àwa ni wọ́n ń gbé ìwé fún nílé pé ká bá wọn kà á. Bí ó bá tún di ọjọ́ mìíràn, tí abẹ́rẹ́ tuntun mìíràn dé, ẹ má kánjú bíi tèmi. Ẹ kọ́kọ́ béèrè orúkọ tí wọ́n ń pe àìsàn náà nílé yín. Ẹ pe gbogbo ẹ̀yà ara ní orúkọ rẹ̀ láìgé e kúrú. Ẹ sọ ọ́ kedere pé ó ń dènà ni, kì í ṣe pé ó ń wò. Bí àbúrò tàbí ọmọ ẹ̀gbọ́n yín obìnrin bá wà láàárín ọdún 9 sí 14, ẹ béèrè lónìí bóyá ó ti gbà á.